Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Jíìnì Tó Panu Mọ́ Nínú Ọlẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà pọ̀ nílẹ̀ lóṣù yìí, àmọ́ mẹ́ta kan wà nínú wọn, àwọn tó kọ ọ́ ò mọra wọn rí, ohun tí wọ́n ń béèrè ò sì jọra, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí gbogbo ẹ̀. Ti ọmọ ilé-ìwé ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí tí tiẹ̀ bá ti yé wa, ti màmá tó kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Òde ò ní ṣòroó yé wa mọ́, ti màmá yẹn gan-an ló sì wà lọ́kàn mi látọjọ́ tí mo ti kà á.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. SS3 ni mo wà. Tíṣà báọ́lọ́jì wa sọ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn ló ní DNA kan náà. Mo wá bi wọ́n pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí eyín ò hù sí wa léjìká, tí ẹ̀dọ̀ ò sì hù sí wa lọ́wọ́? Wọ́n ní kí n lọ kàwé tó máa jáde ní WAEC. Ṣé ìbéèrè mi burú ni mà?" Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo.

Kò burú rárá, ọmọ mi. Ìbéèrè yẹn làwọn àgbà onísáyẹ́ǹsì ti ń lé kiri láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn kan sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀, torí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kò ṣe pàtàkì.

Òótọ́ ni tíṣà yín sọ. Yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì díẹ̀, bíi sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ti da DNA tiẹ̀ nù kó tó wọ ojú ẹ̀jẹ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ẹ ló gbé ẹrù kan náà, jíìnì bíi 20,000, ìyẹn àwọn apá DNA tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe. DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí wọ́n bá tú u tí wọ́n nà án, ó máa gùn tó mítà méjì, inú ohun tí ojú ò lè rí ni wọ́n sì ká gbogbo ẹ̀ sí. Báwo ni wọ́n ṣe ká a? Ṣó o ti rí bí télọ̀ ṣe ń ká òwú mọ́ bọ́bìnì? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Pròtéènì kan tí wọ́n ń pè ní hísítóònù ni bọ́bìnì yẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ká a le gan-an, ohun tó ń ka jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì ò ní ríbi wọlé, jíìnì tó wà níbẹ̀ á panu mọ́. Ibi tó bá dẹ̀, jíìnì ibẹ̀ á máa sọ̀rọ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì máa ṣe ohun tó bá sọ. Ẹ̀kọ́ nípa ta ló ń sọ̀rọ̀ àti ta ló dákẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní ẹpijẹnẹ́tíìsì.

Inú oyún ni iṣẹ́ yẹn ti ń gbóná jù. Nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, púpọ̀ nínú àmì tó wà lára DNA bàbá àti ti ìyá, èyí tó ń sọ fún jíìnì pé kó sọ̀rọ̀ tàbí kó dákẹ́, ni wọ́n á nù kúrò, sẹ́ẹ̀lì ìgbà yẹn lè di ohunkóhun. Nígbà tí ọlẹ̀ bá wá lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì tuntun sí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń lọ di ọpọlọ á pa jíìnì iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu mọ́, àwọn tó ń lọ di awọ á pa ti eyín àti ti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí tí oníkálukú á fi mọ iṣẹ́ ẹ̀. Àmì méjì ló wọ́pọ̀ jù: ọ̀kan ni mẹ́tíìlì, kẹ́míkà kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ DNA fúnra ẹ̀, ìkejì ni èyí tí wọ́n ń fi sára bọ́bìnì yẹn.

Jẹ́ kí n fi eṣinṣin ṣàpèjúwe, àwọn kéékèèké tó máa ń rọ́ bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù. Akọ wọn ní irun dúdú líle kan lẹ́sẹ̀ iwájú, ó tò gbọọrọ bí eyín òòyà, òun ló fi ń di abo mú. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló máa ń wà. Ní 1947, Pamela Lewis ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa eṣinṣin kan tó ní òòyà yìí lẹ́sẹ̀ àárín àti lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn pẹ̀lú, wọ́n wá sọ jíìnì tó bà jẹ́ lára ẹ̀ ní Polycomb, ìyẹn òòyà púpọ̀. Nígbà tó di 1978, ọkọ ẹ̀, Edward Lewis, ṣàlàyé ohun tó fà á: iṣẹ́ Polycomb ni láti pa àwọn jíìnì kan lẹ́nu mọ́ níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti sọ̀rọ̀, tí kò bá wá sí níbẹ̀, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹsẹ̀ àárín á gbà pé ẹsẹ̀ iwájú lòun. Ní 1995, Edward Lewis, Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus jọ gba Nobel lórí bí jíìnì ṣe ń darí ọlẹ̀.

Àwa èèyàn náà ní Polycomb, ó sì ń ṣọ́ àwọn jíìnì tó ń jẹ́ Hox, 39 ni wọ́n lára wa, àwọn ló ń sọ fún ọlẹ̀ pé ibí lọrùn, ibí ni egungun ìhà ti máa bẹ̀rẹ̀, ibí ni ìbàdí. Nígbà tí wọ́n yọ Ezh2, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Polycomb, kúrò lára eku, ọlẹ̀ eku yẹn kú sínú kó tó di pé ara ẹ̀ tò. Ohun kan tún wà tó wú mi lórí gan-an. Ní 2006, àwọn onísáyẹ́ǹsì kan ní Boston rí i pé nínú sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀, àwọn jíìnì tó ń kọ́ ara yìí ní àmì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àmì "dákẹ́" àti àmì "múra sílẹ̀." Ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì ṣì wà lára ẹ̀. Tí àkókò bá tó, wọ́n á ṣí i kíá, tí kò bá sì sí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe níbẹ̀, wọ́n á tì í pa.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú lọ nìyí, torí a máa lò ó níwájú: jíìnì tó panu mọ́ ò kú. Ní 1962 John Gurdon mú inú sẹ́ẹ̀lì kan láti ara ìfun ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ó gbé e sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ tó ti mú ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò, ẹyin yẹn sì di odindi ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Ní 2006 Shinya Yamanaka ní Japan fi jíìnì mẹ́rin péré dá sẹ́ẹ̀lì awọ ara eku padà sí bí sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ ṣe ń rí. Àwọn méjèèjì jọ gba Nobel ní 2012. Jíìnì tó ń ṣe eyín wà ní èjìká ẹ lónìí, ó péye, ó kàn ti dákẹ́ látìgbà tó o ti wà níkùn ìyá ẹ ni.

"Aunty mi, ẹ kú àtiyọjú. Ológbò mi aláwọ̀ mẹ́ta ni, pupa rúsúrúsú, dúdú àti funfun. Aládùúgbò mi ní kò sí akọ nínú irú ẹ̀, pé abo ni gbogbo wọn. Ṣóòótọ́ ni?" Ọlọ́jà, Agége.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ tán. Jíìnì tó ń fún ológbò ní àwọ̀ pupa yẹn, orí kurómósóòmù X ló wà, ọ̀kan nínú àwọn ìdì tí wọ́n di DNA sí nínú sẹ́ẹ̀lì, abo ní X méjì, akọ ní ẹyọ kan. Nígbà tí abo bá ṣì jẹ́ ọlẹ̀ kékeré, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan nínú X méjèèjì, á pa á lẹ́nu mọ́ látòkèdélẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì mú, gbogbo ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá bí ló máa tẹ̀ lé e. Tí X kan bá gbé pupa, tí ìkejì ò gbé e, ibi tí wọ́n ti pa ti pupa lẹ́nu mọ́ á dúdú, ibòmíì á pupa. Àbàwọ́n tẹ́ ẹ̀ ń rí lára ológbò yín, ìpinnu tí ọlẹ̀ ṣe ló hàn síta yẹn. Funfun ní tiẹ̀, iṣẹ́ jíìnì mìíràn ni. Mary Lyon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1961, ara eku ló sì ti rí i. Akọ aláwọ̀ mẹ́ta máa ń wà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn ló ní X méjì pẹ̀lú Y, kurómósóòmù tó ń sọ ọ́ di akọ.

Ní December 2001, ní yunifásítì Texas A&M, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ológbò aláwọ̀ mẹ́ta kan tó ń jẹ́ Rainbow ṣe ológbò mìíràn, wọ́n sọ ọ́ ní CC. DNA wọn ò yàtọ̀, àmọ́ CC ò ní pupa kankan lára, torí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú, X tó gbé pupa ti dákẹ́ nínú ẹ̀. Jíìnì pupa yẹn fúnra ẹ̀, 2025 làwọn onísáyẹ́ǹsì Japan àti ti Amẹ́ríkà tó gbé orúkọ ẹ̀ jáde, ARHGAP36. Àwa obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ náà ni X wa ṣe, kì í kàn hàn lára awọ wa ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú fo lẹ́tà mi. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí. Látìgbà tí mo ti bí i kò ṣàìsàn kankan, ó sanra, ẹ̀rín ló máa ń rín ṣáá. Nígbà tó pé oṣù méje ló jí lóru pẹ̀lú igbe, nígbà tílẹ̀ mọ́ mo rí i pé ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ti wú, ó ń dán, ẹsẹ̀ náà wú, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ní ọsibítù wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní SS ni. Bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbéyàwó, láàbù kan sọ fún wa pé AA lọkọ mi, èmi AS. Ìyá ọkọ mi ń sọ pé ọmọ tí wọ́n bí ní pípé, ta ló wá fi àrùn sí i lára? Wọ́n ti dárúkọ èèyàn méjì ládùúgbò. Níbo ni àìsàn yìí wà láti ọjọ́ ìkómọ títí di oṣù keje? Ṣé ohun kan wà tí mo lè ṣe sí i?" Ìyá Ọmọ, Ìjẹ̀bú-Òde.

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó ṣe kedere: kò sẹ́ni tó fi àrùn sọ́mọ yín lára. Àwọn èèyàn méjì tí wọ́n dárúkọ yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ọmọ yín ti ní SS látọjọ́ tí oyún ẹ̀ ti dúró, ohun kan ló ń dáàbò bò ó, ohun yẹn ló wá panu mọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń dàgbà.

Ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn ń lò kì í ṣe ẹyọ kan. Himoglóbíìnì ló ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, orí kurómósóòmù nọ́ńbà 11 sì ni àwọn jíìnì tó ń ṣe apá kan nínú ẹ̀ tò sí, wọ́n tẹ̀ léra bí ojúlé àdúgbò, bí wọ́n sì ṣe tò yẹn náà ni a ṣe ń lò wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ti ọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá di nǹkan bí oṣù kejì oyún, wọ́n á pa á lẹ́nu mọ́, ti ìkókó á gba iṣẹ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ inú ló sì ń ṣe ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ìkókó yìí lágbára láti fa ọ́síjìn mọ́ra ju ti àgbà lọ, òun lọmọ fi ń rí ọ́síjìn gbà lára ìyá ẹ̀ níbi tí ibi ọmọ ti so wọ́n pọ̀. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n bí i, mùdùnmúdùn inú eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti àgbà, wọ́n á máa fi mẹ́tíìlì àti àwọn àmì yòókù ti ilẹ̀kùn jíìnì ìkókó díẹ̀díẹ̀, tọ́mọ bá fi pé oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, èyí tó kù á ti kéré gan-an.

Jíìnì ti àgbà yẹn nìkan ni àṣìṣe SS wà. Lẹ́tà kan péré ló yí padà nínú ẹ̀. Ti ìkókó ò ní àbùkù kankan. Nítorí náà lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ̀jẹ̀ ìkókó ló pọ̀ jù lára ọmọ yín, kò sì sóhun tó fẹ́ ṣe é. Nígbà tí ti ìkókó dákẹ́ tí ti àgbà gba ilé, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bíi dòjé, ó ń dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú eegun ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wú, tó sì ń dùn ún débi pé kò fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wíwú yìí ló sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́ lára ọmọ jòjòló.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí nínú ilé. Láyé àwọn ìyá wa, ọmọ tó bá wálé ayé ní pípé tó wá ń ṣe fòníkú-fọ̀ladìde lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àbíkú ni wọ́n máa pè é, wọ́n á máa wá ẹni tó ṣe é. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí padà yìí ò hàn sójú ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ ka apá yìí fún ìyá ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oṣù mélòó kan tí inú gbogbo yín fi dùn sí i yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá láti inú ikùn yín ló ṣọ́ ọ.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ní New York, Janet Watson, ló kọ́kọ́ fura sí i ní 1948, ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ tuntun tó ní àrùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀, ó ní ó ní láti jẹ́ himoglóbíìnì ìkókó ló ń gbà wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn ti ń béèrè pé: tá a bá lè bẹ jíìnì ìkókó pé kó tún sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní 1982, Joseph DeSimone àti Paul Heller ní Chicago fún ọ̀bọ bàbúùnù ní 5-azacytidine, oògùn tó ń ṣí àmì mẹ́tíìlì kúrò lára DNA, himoglóbíìnì ìkókó wọn sì gòkè. Oògùn yẹn ti le jù fún ọmọ èèyàn láti máa lò lójoojúmọ́, làwọn dókítà bá yà sídìí hydroxyurea, tó ń jẹ́ kí mùdùnmúdùn tún máa ṣe ẹ̀jẹ̀ ìkókó lọ́nà tiẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 1995 fi hàn pé ó ń dín ìrora àwọn àgbàlagbà kù gan-an, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1998. Kẹ́ni kankan má sọ fún yín pé oògùn òyìnbó fún òyìnbó ni o, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn ọmọ ní Angola, Congo, Kenya àti Uganda, ìrora dín kù, ibà dín kù, iye tó ń kú náà dín kù.

Nígbà tó di 2008, àwọn Stuart Orkin ní Boston fi hàn pé pròtéènì kan, BCL11A, ló ń darí àwọn tó ń pa jíìnì ìkókó lẹ́nu mọ́. Tẹ́ ẹ bá dá BCL11A dúró, jíìnì ìkókó á tún lahùn. Orí ẹ̀ ni wọ́n gbé ìtọ́jú tó ń jẹ́ Casgevy lé: wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn aláìsàn, wọ́n á gé ibi tí BCL11A ti ń gbàṣẹ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. Victoria Gray láti Mississippi gbà á ní 2019, ara ẹ̀ sì le dáadáa lẹ́yìn ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ìparí 2023, fún ẹni tó bá ti pé ọdún 12. Mílíọ̀nù dọ́là méjì lé ní 200,000 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ó ń dùn mí dọ́kàn, torí ilẹ̀ wa ni àrùn yìí pọ̀ sí jù láyé, tó sì jẹ́ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ ní AS.

Àmọ́ hydroxyurea wà nílé wa ńbí, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 sì sọ pé látọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni kí wọ́n ti máa fi lọ ọmọ SS. Ọmọ yín ti pé e. Ẹ lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀ ní tààrà, ẹ má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́míìsì, torí wọ́n ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò bó ṣe ń lò ó. Pẹnisílíìnì lójoojúmọ́ títí tó fi máa pé ọdún márùn-ún, ẹ béèrè ìyẹn náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ò gbọdọ̀ fò, kó máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, kó máa mumi dáadáa. Tí ara ẹ̀ bá gbóná, òru yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ ọsibítù, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ máa fọwọ́ kan ikùn ẹ̀ lápá òsì lábẹ́ egungun ìhà, tẹ́ ẹ bá rí i tó wú lójijì tí inú ojú ẹ̀ sì funfun, ẹ sáré. Tó bá pé ọdún méjì, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ yẹ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ orí ẹ̀ wò lọ́dọọdún, nítorí rọpárọsẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ láàbù. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ tún tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àṣìṣe láàbù lórí jẹ́nótáìpù wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èsì àtijọ́ yẹn wá ẹ̀sùn sí yín lẹ́sẹ̀ nínú ilé ọkọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé AS lọkọ yín látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ AS ni lóòótọ́, oyún kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kó jẹ́ SS, tí oyún bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá wọ́n lè yẹ ọmọ wò nínú ikùn láti mọ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí dókítà, kẹ́ ẹ sọ ohun tí wọ́n sọ nípa hydroxyurea fún mi.